Láti Etí dé Excel: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Orí

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí ọmọ kan ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2005. Tó bá di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2023, ọmọ ọdún mélòó ni? Ìyá ẹ̀ ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn: ọmọ ọdún 18 ni, òní gan-an ló pé bẹ́ẹ̀, ìrẹsì ti wà lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìbéèrè yìí kan náà fún tábìlì Excel kan, ó lè dá yín lóhùn pé ọmọ ọdún 17 ni. Ẹ gbé e fún tábìlì mìíràn, yóò ní 18 lóòótọ́, àmọ́ láti ọjọ́ 11 oṣù náà ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìyá ọmọ kò tíì débi ìrẹsì rárá.

Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú tábìlì méjèèjì. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n ka iye ọjọ́, kí wọ́n sì pín in. Ọjọ́ orí kì í sì í ṣe ohun tí à ń pín.

Ó ti pẹ́ tí àwa tí a ń fi sọ́fítíwia jẹun ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀yá ìjà. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe irú iṣẹ́ báyìí ní láti wá wa wá. Lóde òní, kò pọn dandan mọ́. Àwọn irinṣẹ́ tí kò béèrè kóòdù ti pọ̀ lọ jàra: Airtable, Notion, AppSheet, Bubble, àti Excel tó ti wà ṣáájú gbogbo wọn. Akọ̀wé ìjọ, olùkọ́ iléèwé, akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo wọn ló lè jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn to ètò tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́. Inú wa dùn sí i, a ò bínú rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè wá pé nǹkan ò lọ déédéé, òpó kan la sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú tábìlì wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ "Ọjọ́ orí" sí lókè.

Àṣìṣe tó máa ń wà nínú òpó yẹn dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá mọ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń ka ọjọ́ orí bọ̀ láti ẹ̀yìn wá, kò ní jẹ́ kí fọ́múlà kan tan òun jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ta ni, àbúrò ta ni?

Kí ìwé tó dé, àwọn baba ńlá wa mọ ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n wọn kì í fi iye mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ta ló ṣáájú ta. Ẹni tó ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n, òun là ń sọ "ẹ" fún. Ẹni tó tẹ̀lé e ni àbúrò. Ní èdè iṣẹ́ tiwa, a ó ní àfiwé ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ṣe ìyọkúrò. Kò sí ẹni tó ní láti mọ̀ bóyá ọmọ ọdún 43 ni tàbí 44 kó tó mọ ẹni tí òun máa dọ̀bálẹ̀ fún.

Orúkọ gan-an ń ṣe iṣẹ́ déètì. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá: ẹni tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́rin yìí nínú agbo ilé kan ti mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra wáyé, láìbéèrè ìwé kankan. Abíọ́dún ń sọ fún wa pé àsìkò ọdún ni wọ́n bí òun. Bọ́sẹ̀dé ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni òun dé.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì dáadáa. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé la ní ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò kó tó máa bọ̀. Tí a bá fún kọ̀ǹpútà ní wákàtí tí wọ́n bí àwọn méjèèjì, Táíwò ni yóò fi ṣe ẹ̀gbọ́n, yóò sì fara mọ́ ọn. Ilé Yorùbá kò ní gbà fún un. Wákàtí kan náà, ọmọ kan náà, òfin ọ̀tọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.

Tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ti ilé, ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni wọ́n máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n bí ẹnì kan nígbà ogun Kírìjì, tó jà láti 1877 títí di 1893. Wọ́n bí ẹlòmíràn lọ́dún ogun Àdùbí, ìyẹn 1918 nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn òbí tiwa náà máa ń ṣe é: wọ́n á ní àwọn ti ń rìn nígbà tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tàbí pé ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ni wọ́n gbé àwọn lọ iléèwé, ìyẹn 1973. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan pàtó. Àárín ọdún kan sí òmíràn ni, ó sì jẹ́ òótọ́ ní ìwọ̀n tó mọ. Àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba gan-an máa ń lo àkójọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí láti fi díwọ̀n ọjọ́ orí àgbàlagbà tí kò ní ìwé.

Òní wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo àwòrán Ojúde Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ máa ń wo bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé pẹ̀lú aṣọ wọn, ẹ ti rí ètò ọjọ́ orí tó ṣì wà láàyè. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òǹkà Yorùbá sì tún fara pa mọ́ sínú ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Ní 2024, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, Ojúde Ọba wáyé ní ọjọ́ 18. Ẹni tó bá fi 16 kúrò nínú 18 yóò rí 2, á sì bi wá pé níbo ni ẹ̀ẹ̀kẹta wà. Ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n kà sí ọ̀kan.

Báyìí ni òǹkà wa ṣe rí látayébáyé. Ọjà ọrọọrún, láti ara àrún ni orúkọ yẹn ti wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Ìsàn wá láti ara ẹ̀sán, ọjọ́ mẹ́jọ ló sì jẹ́. Ìtàdógún túmọ̀ sí 17, àmọ́ ọjọ́ 16 ló ń pé kó tó tún yí po. Ìjẹta náà, ẹẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ méjì sẹ́yìn ló sì jẹ́. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ kíkà, a kì í fò ó.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ló wọ́pọ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìkómọ rẹ̀. Ìyọkúrò máa sọ pé 7, ìyá àgbà máa sọ pé 8, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kankan nínú wọn.

Gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ló máa ń pàdé ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ro ọgbà kan tó ní àlàfo mẹ́wàá láàárín igi àti igi. Igi mélòó ló wà níbẹ̀? Mọ́kànlá. Ẹni tó ń ka igi àti ẹni tó ń ka àlàfo kò ní rí iye kan náà láéláé. Òǹkà Yorùbá ń ka igi, ìyọkúrò kọ̀ǹpútà ń ka àlàfo.

Àwa nìkan kọ́ ló ń ka igi o. Ní Kòríà, bí wọ́n bá ṣe bí ọmọ báyìí, ọmọ ọdún kan ni. Tí ọdún tuntun bá sì dé, gbogbo ènìyàn ló ń fi ọ̀kan kún un pa pọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá á di ọmọ ọdún méjì lọ́jọ́ kejì tó dáyé. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin Gúúsù Kòríà tó wá sọ pé ọjọ́ìbí ni kí ìjọba máa fi ka ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Japan ti ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láti 1950. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, àìmọye ènìyàn ní Kòríà "kéré" sí i nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí irun funfun orí rẹ̀ padà di dúdú.

Ìwé dé

Ìjọba amúnisìn ló gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun wọ Èkó, láti bí 1863. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì náà ní ìwé ìrìbọmi tiwọn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ìwé mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. A mọ ọdún tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, 1821. A mọ ọjọ́ tí wọ́n rì í bọmi, ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825. Ọdún tí wọ́n bí i ni kò dájú: ìwé kan á ní 1806, òmíràn á ní 1809. Ìgbà tí ìwé pàdé rẹ̀ ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà bẹ́ẹ̀ di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ rọ́ lọ sí iléèwé bí omi. Báwo ni olùkọ́ ṣe máa mọ ẹni tó ti tó ó bọ́ sí kíláàsì, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ọjọ́ìbí? Wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó. Bí kò bá kàn án, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Títí dòní, àwọn bàbá àti ìyá wa ṣì máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Àwa kì í fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ètò ìṣirò pátápátá nìyẹn, láìsí kóòdù, láìsí iná mànàmáná: ohun kan wọlé, ìdánwò kan wáyé, ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ jáde. Gbogbo àléébù tí fọ́múlà ìsinsìnyí ní ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun mìíràn ló wọ̀n dípò ọjọ́ orí. Gígùn apá ni ó wọ̀n. Ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú, ẹni ọdún méje ni o, wọ́n lè dá a padà sílé. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ga bí ọ̀pẹ wọlé wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tó di 2009, tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ MRI láti fi wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù," ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Etí ló di eegun ọwọ́. Ìwé kò ṣeé gbára lé, a tún padà sí ara.

Láàárín 1955 àti 2009 yẹn, òfin àpapọ̀ jáde ní 1992 pé dandan ni kí wọ́n máa forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n ti bí ṣáájú òfin yìí ń gba ìwé ẹ̀rí mìíràn, tàbí kó lọ búra ọjọ́ orí nílé ẹjọ́. Ẹni tó bá ti rí irú tábìlì tiwa á mọ bí ìtàn yìí ṣe ń hàn nínú rẹ̀. Ẹ to orúkọ àwọn àgbàlagbà inú ẹgbẹ́ kan ní ọjọ́ìbí-ọjọ́ìbí, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n "bí" ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Ọdún tí wọ́n bí wọn ni wọ́n mọ̀. Fọ́ọ̀mù kò gba ọdún nìkan, ó fẹ́ ọjọ́ àti oṣù, wọ́n sì fún un ní ohun tó fẹ́.

Ọdún tí kò ṣeé pín dọ́gba

Ká tó dé orí fọ́múlà, ẹ jẹ́ ká wo ọdún fúnra rẹ̀. Ọdún kan jẹ́ bí ọjọ́ 365.2422. Julius Caesar ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún oṣù kejì lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, èyí tó sọ ọdún di ọjọ́ 365.25. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kéré tó bá fi 1,600 ọdún gbára jọ á di ńlá. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá ní kí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́wàá: ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá jẹ́ ọjọ́ 15. Ó sì fi òfin kan kún un pé ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún kò ní ní ọjọ́ 29 oṣù kejì àyàfi tí 400 bá lè pín in. Nítorí náà 2000 ní in, 1900 kò ní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà títí di 1752, nígbà tí wọ́n fo láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án. Ìdí nìyẹn tí George Washington, tí ìwé ìgbà ìbí rẹ̀ kọ ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1731 fún, fi jẹ́ ẹni tí a mọ ọjọ́ìbí rẹ̀ lónìí sí ọjọ́ 22 oṣù kejì, ọdún 1732.

Wàyí o, ọdún 1983, Lotus 1-2-3 jáde. Òun ni tábìlì orí kọ̀ǹpútà tó gbòde kan nígbà náà. Lotus ka ọjọ́ bí ẹní ka owó: ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1900 ni ọjọ́ kìíní, wọ́n sì ń kà lọ. Ṣùgbọ́n ó fún 1900 ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, ọjọ́ tí kò sí láyé rí. Nígbà tí Microsoft ṣe Excel, wọ́n mọ̀ pé àṣìṣe ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà á wọlé kí fáìlì Lotus má bàa dàrú nínú Excel. Títí dòní, ẹ kọ 60 sínú Excel, ẹ ní kó sọ ọ́ di déètì, ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1900 ni yóò gbé jáde fún yín. Google Sheets kò gba àṣìṣe yìí, ó kàn bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1899, kí òun àti Excel lè pàdé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1900 síwájú.

Èyí kò kan ọ̀pọ̀ nínú wa, torí ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn oṣù kejì 1900 ló pọ̀ jù nínú tábìlì wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọjọ́ìbí Herbert Macaulay, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864, sínú Excel. Excel kò ní mọ̀ ọ́n ní déètì rárá. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ibi tí fọ́múlà ti ń ṣìnà

Fọ́múlà tí a máa ń bá jù nínú tábìlì àwọn ènìyàn ni èyí tó fi ọjọ́ìbí kúrò nínú òní, tó wá fi 365 pín in. Ó rọrùn, àmọ́ ó ń sáré. Gbogbo ọjọ́ 29 oṣù kejì tí ẹni náà ti rí láyé ló fi ń yára. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1963 ti rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó pé ọgọ́ta ọdún, nítorí náà ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni tábìlì ti máa kéde pé ó ti pé. Ọgọ́ta ọdún ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì, bí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ kò bá ṣáájú rẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ méjì owó oṣù kì í ṣe owó gúgúrú.

Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wa wá ní kí á fi 365.25 pín in, bíi ti Caesar. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n ó léwu jù, torí pé ó máa ń tọ̀nà débi tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ẹ padà sí ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2005 sí 2023, ọjọ́ 29 oṣù kejì mẹ́rin ló wà láàárín: 2008, 2012, 2016, 2020. Iye ọjọ́ jẹ́ 6,574. Ẹ fi 365.25 pín in, ẹ máa rí 17.9986. Kọ̀ǹpútà gé èyí tó wà lẹ́yìn ààmì kúrò, ó ní 17. Ọmọ tí kò rí ọjọ́ 29 kankan rí náà ń kó o: ẹni tó pé ọdún kan géérégé á ka 365 pín sí 365.25, á wá di ọmọ ọdún òdo lọ́jọ́ìbí rẹ̀.

Àwọn kan tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìrànwọ́ pè wá nígbà kan kí a bá wọn wo fọ́ọ̀mù wọn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ló lè forúkọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan pé 18 lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù máa tì gan-an, fọ́ọ̀mù sì lé e padà. Òun pẹ̀lú ìwé ọjọ́ìbí rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kọ̀ǹpútà sọ pé kò tíì tó. Ohun tó bí wa nínú níbẹ̀ kì í ṣe 365.25 tí a bá lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Ohun tó bí wa nínú ni pé gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì yẹn lè fi ìka ọwọ́ ka ọdún ọmọ náà kó pé, wọ́n sì gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ìka wọn lọ. Nígbà etí, ó kéré tán, olùkọ́ tó bá mọ ìyá ọmọ lè sọ pé ẹ fi sílẹ̀, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n bí eléyìí.

Ọ̀nà tó tọ́ ni ọ̀nà tí ìyá ọmọ ń gbà. Kì í pín ohunkóhun. Ó ń ka iye ìgbà tí ọjọ́ìbí ti padà wá. Ẹ fi ọdún ìbí kúrò nínú ọdún yìí. Tí ọjọ́ìbí tọdún yìí kò bá tíì dé, ẹ yọ ọ̀kan. Ó parí.

Nínú Excel àti Google Sheets, DATEDIF pẹ̀lú "Y" ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Airtable, DATETIME_DIFF pẹ̀lú 'years' ni. Nínú Notion, dateBetween pẹ̀lú "years". Bí irinṣẹ́ yín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ lo ọgbọ́n àtijọ́ kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa oníkóòdù. Ẹ kọ déètì bí nọ́ńbà kan: ọdún lọ́nà 10,000, ẹ fi oṣù lọ́nà 100 kún un, ẹ wá fi ọjọ́ kún un. Ọmọ wa di 20050615. Ọjọ́ìbí rẹ̀ ní 2023 di 20230615. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn: 180000. Ẹ gé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sọnù, ó ku 18. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, 20230614, ẹ máa rí 179999, ìyẹn 17. Kò sáré, kò sì fi nǹkan falẹ̀.

Macaulay tí Excel kò mọ̀ náà kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946. 19460507, ẹ yọ 18641114 kúrò, ó ku 819393. Ọmọ ọdún 81 ni. Ẹni tó bá kàn fi 1864 kúrò nínú 1946 á fún un ní ọdún kan tí kò lò láyé.

Ọ̀gànjọ́ òru àti ọjọ́ 29

Ó ku ibi méjì tí ìṣirò tó tọ́ gan-an kò lè dá dáhùn.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ni "òní"? Ní Nàìjíríà, a fi wákàtí kan ṣáájú àkókò GMT. Àwọn irinṣẹ́ kan, bíi Airtable, GMT ni fọ́múlà wọn ń bá rìn bí ẹ kò bá yí i padà. Ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ìbí yín, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí yín, àná ni irinṣẹ́ yẹn ṣì wà. Àwọn ará wa tó wà ní Houston ń rí òmíràn: déètì tí wọ́n tọ́jú bí agogo méjìlá òru GMT á hàn lójú wọn bí ọjọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ 15 á di ọjọ́ 14. Àwọn kan náà ni wọ́n máa ń ka 03/04/2005 sí oṣù kẹta, nígbà tí a kọ ọ́ sí oṣù kẹrin níbí. Ẹ tọ́jú ọjọ́ìbí bí ọjọ́ lásán, láìfi aago sí i, kí ẹ sì kọ oṣù ní orúkọ rẹ̀.

Èkejì ni ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn ní 2008, ìgbà wo ló pé 18 ní 2026, ọdún tí kò ní ọjọ́ 29? Ọgbọ́n nọ́ńbà wa máa sọ pé ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Òfin Hong Kong gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Taiwan ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì ni. Kò sí ẹni tó ṣi ìṣirò nínú àwọn méjèèjì.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tiẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ìbí ni ènìyàn ń pé ọdún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1970 ni òfin tuntun tó sọ pé ọjọ́ìbí gan-an ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Japan ní òfin kan láti 1902 tó ṣì wà títí dòní: òpin ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ìbí ni ọdún ń pé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Japan tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ọjọ́ tí sáà ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, fi máa ń wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

A ti padà dé ọ̀dọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé nìyẹn. Wákàtí kan náà, ọmọ kan náà, òfin ọ̀tọ̀. Ènìyàn ló ń pinnu ohun tí ọjọ́ orí jẹ́, kọ̀ǹpútà kàn ń bá wa kà á ni. Tí a kò bá pinnu, ẹni tó kọ fọ́múlà ti bá wa pinnu láìjẹ́ pé òun náà mọ̀, bí Lotus ṣe bá gbogbo ayé pinnu pé ọjọ́ kan wà tí kò sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń to ètò fún ẹgbẹ́, fún ìjọ, fún iléèwé, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹ tó kọ fọ́múlà: ìgbà wo ni ọdún ń pé lọ́dọ̀ yín, aago ibo ni ẹ ń lò, kí ni ẹ ń ṣe pẹ̀lú ọjọ́ 29, kí ni ẹ ń ṣe fún àgbàlagbà tó mọ ọdún ìbí rẹ̀ nìkan. Ẹ fún ẹni ìkẹyìn yìí ní àyè láti kọ ọdún nìkan, ẹ má fi ipá mú un parọ́ ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ènìyàn mẹ́rin dán fọ́múlà wò: ẹni tó pé 18 lánàá, ẹni tó pé e lónìí, ẹni tí yóò pé e lọ́la, àti ọmọ ọjọ́ 29 oṣù kejì. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí ìdáhùn kan bá rú yín lójú, ẹ fi ìka ọwọ́ kà á. Bí ìka àti tábìlì kò bá sì fẹnu kò, ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.